Ife Tí Wọ́n Fi Ọmọ Wé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Rédíò fi fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Yàrá ìfọṣọ náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn wọ́ọ̀dù, níbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju ènìyàn lọ, wọ́n sì ń hó yeeye láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ibùsùn, aṣọ àwọn aláìsàn, aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí, tí wọ́n sì ń kó jáde ní mímọ́, ní gbígbóná, tí wọ́n ti ká a létí-létí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ á fi há, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ojú ni wọ́n fi ń mú ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á wo ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ti mọ ohun tó fẹ́ wí kó tó wí i tán. Bí o bá yíjú kúrò, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọnù nìyẹn.

Síbẹ̀, nínú ariwo yìí, Màmá Rédíò kì í dákẹ́. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Bàbá Alọṣọ, ọkùnrin apárí tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù funfun àwọn dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ló sọ ọ́ lórúkọ náà.

"Rédíò tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á," ló wí. "Bí iná bá lọ, á ṣì máa sọ̀rọ̀."

"Bí mo bá dákẹ́, oorun á gbé yín lọ, ẹ ó sì jó kóòtù dókítà," ni Màmá Rédíò dá a lóhùn. "Ṣé kí n dákẹ́?"

"Rárá o. Ẹ máa bá a lọ. Ẹnu àìmẹ́nu kúkú ni tiyín."

Èdè tó fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èdè ilé rẹ̀, èdè tí wọ́n bí i sí. Òun àti Bàbá Alọṣọ àti púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọṣọ ló jọ ti ibì kan náà wá. Èdè kejì ni wọ́n ń sọ nílùú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ń lò ní iléèwé àti ní ọ́fíìsì, èyí tó sì wà lẹ́nu Màmá Rédíò nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogójì ọ̀rọ̀ lọ. Ó lè kí ènìyàn. Ó lè sọ pé aṣọ ti gbẹ, pé ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára èyí, pé ẹ̀rọ kẹta ti tún bàjẹ́. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ogójì ọ̀rọ̀ yẹn tó fún un láti fi jẹun.

Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ọ̀dọ̀ ọmọ náà àti ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé, nínú yàrá mẹ́ta lókè kẹrin ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ dúdú. Ilé ìkẹ́rùsí lọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ń di àpótí, ó ń gbé e. Ìyàwó ń ta oògùn ní ilé ìtajà oògùn kan. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà dé láti ilé ìgbẹ̀bí, Màmá Rédíò gbà á, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti dé?" Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ọ̀rẹ́.

Iṣẹ́ ìdájí ni Màmá Rédíò ń ṣe, ọ̀sán ló sì ń parí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́sàn-án, kì í dé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹnu ọ̀nà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé: ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń jáde, wọ́n á fi Ọ̀rẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn aṣọ́de tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Láti ọ̀sán dìrọ̀lẹ́, ti Màmá Rédíò lọmọ náà. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń bọ́ ọ, ó ń ṣépè fún ìrọ̀rí tí ọmọ bá ṣubú lé.

Nígbà tí Ọ̀rẹ́ pé ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń nàka sí nǹkan, ó ń fa aṣọ ènìyàn, ó ń kùn. Ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ aládùúgbò ń sọ mọ́. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé, gbogbo wọn pátá, Màmá Rédíò náà sì tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ níbẹ̀ ló rí wọn. Onínúure ni, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ, ó fún un ní bọ́ọ̀lù. Ó béèrè pé èdè mélòó ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Wọ́n ní méjì. Ọ̀dọ́bìnrin náà mi orí, ó gbé ife kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó bu omi kún un dẹ́nu. Ó tún mú ìgò mìíràn, ó sì ń da tibẹ̀ náà sí i. Omi kún, ó ṣàn, ó rin ìwé orí tábìlì.

"Orí ọmọ dà bí ife yìí," ló wí. "Ẹ̀ ń da méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní lè gba ọ̀kankan dáadáa. Ẹ yọ ọ̀kan ná. Bí èkínní bá ti fìdí múlẹ̀ dáadáa, ẹ lè wá dá èkejì padà."

Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí omi tó ṣàn. Kí lèèyàn tún fẹ́ bi omi léèrè?

Kálukú gbé ife yẹn lọ sílé, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa fi délé, ó ti di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lójú baba ọmọ, ó ti di àpótí. "Bí wọ́n bá kọ ogún kílò sára àpótí, tí o wá di ọgbọ̀n sí i," ló wí nínú ọkọ̀, "ìdí rẹ̀ á jábọ́ ni." Ìyá ọmọ ní ohun tó yé òun ni pé oògùn méjì wà tí dókítà kì í kọ fún ènìyàn pọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára láyè ara rẹ̀.

Màmá Rédíò kò sọ tirẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ kẹta ló ń rò. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jù sínú rẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dún gbàù, ó dúró. Ó tún rántí ọjọ́ tí aṣọ àwọn oníṣẹ́ abẹ, aláwọ̀ ewé, bọ́ sáàárín àwọn aṣọ ibùsùn funfun. Ọgọ́rin aṣọ ni wọ́n yọ jáde lọ́jọ́ náà tí gbogbo wọn ti di àwọ̀ omi ewédú. Gbogbo ẹni tó bá ti fọṣọ rí ló mọ̀ pé funfun kì í ba aláwọ̀ jẹ́. Aláwọ̀ ló ń ba funfun jẹ́. Ó wo Ọ̀rẹ́ tó sùn lé ìyá rẹ̀ láyà, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, èmi ni aṣọ aláwọ̀ inú ilé yìí.

Nígbà tí ọmọ ti sùn nínú yàrá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí tábìlì ká. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fi èékánná ha igi tábìlì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa," ìyàwó bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ń bínú? Èdè tèmi lẹ fẹ́ yọ. Ẹ sọ ọ́."

"Màmá, a ò sọ bẹ́ẹ̀," lọmọ rẹ̀ wí.

"Èwo lẹ fẹ́ yọ? Ti iléèwé? Ṣé èdè tèmi ni ó fi ṣe ìdánwò? Mo ti fọṣọ pẹ́, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tó bá kún jù. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ẹ ó pè mí." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti pa rédíò nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mọ́kànlá ló gbà. Bí Màmá Rédíò bá délé lọ́sàn-án, Ọ̀rẹ́ á sáré wá bá a, yóò gbé e, yóò rẹ́rìn-ín sí i, kò ní sọ nǹkan kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbìyànjú láti lo ogójì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ìlú. Ó kí ọmọ ní kíkí òwúrọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó nù ún, ó ní, "Ó ti gbẹ," bí ẹni tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù. Ojú ti ara rẹ̀ tì í. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa yọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ti sọ̀rọ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Ọmọ á fẹsẹ̀ kọ, ẹnu á ti là kí ọkàn tó rántí. Nítorí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tìnnì sáàárín ètè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń tún aṣọ rán ní yàrá ìfọṣọ ti máa ń ṣe. Bí bọ́tìnnì bá wà níbẹ̀, ẹnu kò ní là. Kó tó gun àtẹ̀gùn ni yóò ti kì í bọ ẹnu. Bí àbúrò rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, yóò jáde lọ síbi àtẹ̀gùn dúdú yẹn, yóò pa ilẹ̀kùn dé gbọn-in, yóò sì rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń jalè. Àti pé nítorí kí ojú rẹ̀ má baà sọ ohun tí ẹnu kò gbọ́dọ̀ sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀yìn sí ọmọ bó bá ń ṣiṣẹ́ ilé.

Ìyá ọmọ àti baba ọmọ ń sọ èdè iléèwé nìkan. Wọ́n ń gbìyànjú. Àmọ́ ìyá kì í sí nílé lọ́sàn-án, baba kì í dé bọ̀rọ̀, bó bá sì dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Láti ọ̀sán dìrọ̀lẹ́, kò sí ohùn ènìyàn kan nínú yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn àfi ti tẹlifíṣàn. Díẹ̀díẹ̀, Ọ̀rẹ́ kò mú nǹkan wá fi han Màmá Rédíò mọ́. Bó bá rí bébà aláwọ̀ dáradára, iwájú tẹlifíṣàn ló ń gbé e lọ. Màmá Rédíò rí i. Díẹ̀ ló kù kó gbé bọ́tìnnì mì.

Ní ibi iṣẹ́, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìlọ́po méjì, bí ẹni tó ń jẹ gbèsè oúnjẹ àná. Nígbà tó yá, òun náà kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ dín kù lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Alọṣọ ló kọ́kọ́ kíyè sí i.

"Rédíò, ṣé bátìrì ti tán ni?"

Ó ṣàlàyé fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú ètè àti ọwọ́: ọmọ, ife, omi tó ṣàn. Bàbá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Orí ọmọ jẹ́ ife? Èdè mẹ́rin lèmi gbọ́. Orí mi ò tíì kún."

"Ó ti kún. Ibi pípá yẹn ló ti ń jò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, Bàbá Alọṣọ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Wọ́n ní kẹ́ ẹ yọ èdè, ẹ̀yin wá yọ ara yín." Màmá Rédíò ti yí ojú sí ẹ̀rọ.

Nínú oṣù kọkànlá ìdákẹ́jẹ́ náà, wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun kan, ọmọbìnrin tó gbọ́n, àmọ́ tí ariwo ń dẹ́rù bà. Màmá Rédíò ni wọ́n ní kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó kíyè sí i pé ojú ọmọbìnrin náà ti ń mọ ọ̀nà: kò wo ojú ènìyàn mọ́, ètè ló ń wò, yóò fò lọ sí ọwọ́, yóò padà sí ètè. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sì yíjú padà, ojú tirẹ̀ á kú pii, bí yàrá tí wọ́n paná rẹ̀. "O ti ń di tiwa," ni Màmá Rédíò sọ fún un, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, ó délé, ó rí i pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò tíì jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀rẹ́, ó ń de okùn bàtà rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń dè é. Màmá Rédíò jókòó sórí àga, bọ́tìnnì lẹ́nu, ó ń wò wọ́n. Kò ní nǹkan mìíràn tó ń ṣe ju kó máa wò lọ. Ìwòran ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé náà láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rẹ́ kò wo ojú ìyá rẹ̀. Ètè ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá nàka sí bàtà, ojú ọmọ fò lọ sí ọwọ́, ó padà sí ètè. Ìyá dìde, ó yíjú láti mú báàgì rẹ̀, kò sì dákẹ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ojú ọmọ náà kú pii.

Màmá Rédíò dìde lórí àga. Ó mọ ojú yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń wò ó, òwúrọ̀ yẹn gan-an ló ti wò ó gbẹ̀yìn. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó ń hó nínú yàrá yìí.

Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ ti kọ̀yìn sí wọn, ó ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Rédíò yọ bọ́tìnnì lẹ́nu.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó pè é.

Ọmọ ń to ìdérí.

"Ọ̀rẹ́ mi o!" Ohùn yàrá ìfọṣọ ló fi pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn tó ń la ariwo ẹ̀rọ mẹ́fà kọjá. Férémù fèrèsé dáhùn. Ọmọ kò dáhùn.

"Mà!" Ìyàwó ti padà wọlé. "Kí ló dé? Ẹ sáà mọ ohun tá a jọ sọ! Oṣù mọ́kànlá, Mà! Ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ lọ́jọ́ kan ni?"

"Pè é."

"Ẹ ẹ̀n?"

"Dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kó o pè é. Ní èdè tìrẹ. Èyí tó wù ẹ́."

"Mà, mo ti pẹ́ o."

"Ìwọ sáà pè é."

Ó pè é. Ó tún pè é. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ fi ìdérí pupa lé orí ìdérí funfun, ó gbé e síwájú, ó gbé e sẹ́yìn. Màmá Rédíò wá yí lọ sí iwájú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi," jẹ́ẹ́, kò tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohùn sí i. Ọmọ gbójú sókè. Ó wo ètè tó ti pẹ́ tí kò là, ó na ìka, ó sì fi kàn án.

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà etí tí wọ́n lọ bá jẹ́ àgbà obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kò sì ní ẹ̀rín lò lásán. Ó fi iná wo etí ọmọ, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó gbé ẹ̀rọ kan sí i létí, ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Omi wà lẹ́yìn awọ etí rẹ̀ méjèèjì," ló wí. "Ó ti ki bíi gọ́ọ̀mù. Ó máa ń bá àwọn ọmọdé, ó sì ti pẹ́ lára eléyìí. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń gbọ́, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. A ó fa á, a ó fi ọ̀pá oníhò kékeré kan síbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì. Ta ló ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ jù lójúmọ́?"

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wolẹ̀.

"Èmi ni tẹ́lẹ̀," ni Màmá Rédíò wí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣàlàyé. Ó sọ ti èdè méjì, ó sọ ti ife, ó sọ ti àpótí. Bó ti ń sọ ọ́ lójú obìnrin yìí, ó ń gbọ́ bó ti ń dún létí ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Kì í ṣe ife," ló wí. "Kì í ṣe àpótí. Ọmọ ni. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ èdè méjì, mẹ́ta, látilẹ̀ kún ilé ayé fọ́fọ́. Etí ló ń ṣe é."

Màmá Rédíò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n bá òun bi í léèrè ohun kan. Oṣù mọ́kànlá tí òun fi dákẹ́ yẹn, ṣé ó ṣeé dá padà?

Obìnrin náà kọjú sí Màmá Rédíò. "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí etí bá là, ọmọ á kọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ló ń wò nígbà tí etí ò ṣe dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ẹ kọjú sí i lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ì bá rí díẹ̀ mú. Èyí tó ti lọ, ó ti lọ. Ẹ lọ máa bá a sọ̀rọ̀."

"Èdè wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ní."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò lè wo ojú rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ó dúró. "Màmá, èmi ni mo…"

"Dákẹ́. Gbogbo wa la gbà. Èmi gan-an ni mo ní ẹ̀rọ á bàjẹ́." Ó di irin àtẹ̀gùn mú. "Wọ́n fi omi hàn wá, a wo omi. Kò sẹ́ni tó wo ọmọ."

Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ náà bó ti rí. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé ife kò ní inú búburú. Ohun tó fẹ́ ṣàlàyé kò ṣeé rí, ó wá wá ohun tó ṣeé rí fi wé e, gbogbo wa la sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. À ń pe èdè ní ẹrù, à ń pè é ní ìṣúra, à ń sọ pé ó ń kú bí ẹni pé ó lárùn lára. Ṣùgbọ́n ife ní ibi tó ń kún dé, ẹrù ní ọrùn tó ń wọ̀. Ẹni tó bá ti gba ife ti gba kíkún mọ́ ọn, kò sì ní mọ ìgbà tó gbà á. Nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi wé nǹkan ló lé ìyá àgbà kúrò nínú ìjíròrò láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ní kí Ọ̀rẹ́ máa ṣeré bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, Màmá Rédíò dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni?" Ọmọ fò sókè. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé inú Màmá Rédíò ni ohùn náà ti wá, ó bú sẹ́kún, ó sáré lọ sínú yàrá. Màmá Rédíò jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi dé. Kò sí ẹ̀bi tí kò kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Alọṣọ ní kó má ṣe ro ara rẹ̀ pin. "Ṣebí ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún. Bí èdè méjì ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Màmá Rédíò wí, "ẹ má fi wé nǹkan kan fún mi mọ́."

Ó fi oṣù méjì iṣẹ́ tó kù fún un sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì. Ó délé, ó ń sọ̀rọ̀. Kò rọrùn. Ẹnu rẹ̀ ti wúwo, ó sì ń tì í lójú láti máa bá ọmọ tó ń sá fún un sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe: mo ń bó èyí, mo ń gbọn èyí, ibo ni mo tún gbé sísọ́ọ̀sì yìí sí. Ó ń bá ọwọ́ ilẹ̀kùn jà, ó ń bú síbí tó bọ́ sílẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ, ó sì jẹ́ kó wo ètè òun. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ̀rẹ́ kò sá mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ń jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ní èdè iléèwé. Omi. Wá. Bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ń kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, wọ́n di ogún, wọ́n di ọgọ́ta. Màmá Rédíò bá wọn yọ̀, tọkàntọkàn ló sì fi yọ̀. Àmọ́ sí òun, ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Yóò máa wò ó. Yóò mi orí. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ṣé kò rẹ̀ yín?" Ó ní ó rẹ òun. Ó sì ń bá a lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje tó ti ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì fẹ́ mú Ọ̀rẹ́ lọ sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ọjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Bàtà tuntun ni, ó le. Ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn dúdú yẹn, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kò wọlé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó gbé bàtà dé ojú ara rẹ̀, ó fajú ro, ó sì sọ fún bàtà náà, ní èdè ilé, pẹ̀lú gbogbo ìbínú àgbàlagbà kan tó ń bá ẹ̀rọ kẹta jà:

"Wọlé jàre! Àbí kí lo ń wò?"

Ìyá rẹ̀ dúró gbagidi. "Mà, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

Màmá Rédíò ti di ògiri mú. Ó mi orí.

"Ó ń bú bàtà! Ta ló kọ́ ọ? Mà, bó ṣe ń bú u, ẹ̀yin gẹ́lẹ́ ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ti lé sí i lójú. Ó wo aago rẹ̀. "Àwa ti pẹ́ o. Ọ̀rẹ́, jẹ́ kí Mọ́mì bá ẹ wọ̀ ọ́."

Màmá Rédíò gbé ọwọ́ sókè pé kó fi í sílẹ̀. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé ti ọmọ náà nísàlẹ̀, ó kọjú sí i.

"Kò fẹ́ wọlé?" ó bi í.

"Kò fẹ́," ni Ọ̀rẹ́ dá a lóhùn, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ sí i.